Ìjàpá àti Okùn tó Gba Ẹnubodè Kọjá

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Kì í ṣe òkú la fẹ́ jí, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó wà nínú ilé, ó na ọrùn wo ìta. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, ó fa ọrùn náà padà bí ẹni tó jí nǹkan. Kí ni o?

Ìjàpá ni!

Òun náà ni. Ta ló wá hun ọrùn rẹ̀ jọ báyìí bí aṣọ tí a kò lọ̀? Ẹ ò mọ̀. N ó sọ fún yín. Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ, kí a lè bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé òrùlé, kò bà lé orí igi. Orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló lọ bà sí, àti orí okùn kan tí Ẹ̀ga hun.

Ní àtijọ́, ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ń gbé. Ọgbà igi yí ìlú náà ká, odò wà níwájú rẹ̀, ẹnubodè kan ṣoṣo ló sì ní. Erin ni ọba. Òòrẹ̀, ẹranko tó ru ẹ̀gún gígùn sẹ́yìn yẹn, ni oníbodè. Àwọn ènìyàn ló ń gbé òdìkejì odò. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, ọdẹ sì wà nínú wọn.

Ẹyẹ Ẹ̀ga ló ń hun okùn. Á ya imọ̀ ọ̀pẹ sí tẹ́ẹ́rẹ́, á kó fọ́nrán mẹ́ta pọ̀, á lọ́ wọn sí apá òsì, nítorí ẹsẹ̀ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́. Okùn rẹ̀ kì í tètè já. Àwọn àgbẹ̀ òdìkejì odò ń gbà á, wọ́n ń fún un ní ọkà bàbà, ọkà bàbà yẹn náà ló fi ń bọ́ ọmọ márùn-ún tó wà nínú ìtẹ́ rẹ̀.

Okùn dára. A fi ń fa omi nínú kànga, a fi ń di igi, a fi ń gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n okùn kan náà, tí ọdẹ bá so ó ní ojóbó, tó dẹ ẹ́ sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹran ló ń mú. Nítorí náà, Erin ṣe òfin pé okùn tó bá ti ní ojóbó kò gbọdọ̀ jáde nílùú.

Òòrẹ̀ ní bó ṣe ń ṣe é. Á gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó rù ú, á wọ́ ọ gba àárín ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bó bá há, ojóbó wà níbẹ̀, inú iná ló ń lọ. Bó bá yọ̀, á ní, "Máa lọ." Kò ní bi ọ́ ní orúkọ, kò ní bi ọ́ ní ibi tí ò ń lọ. Ó ní ẹ̀yìn òun gbọ́n ju ẹnu òun lọ. Gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ìjàpá sọdá odò lọ wa iṣu oníṣu. Ó ti fẹnu kan iṣu kejì nígbà tí òjìji ènìyàn ṣíji bò ó. Ọdẹ kan ni, Ọdẹ́dínà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ni oko náà, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn Ìjàpá mọ́lẹ̀.

Ìjàpá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ọdẹ."

"Ta ní ń kí mi látinú ebè iṣu mi?"

"Èmi ni. Mo ń wò ó bóyá iṣu yín ti ta."

"Eyín lo fi ń wò ó?"

Ìjàpá rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó ṣíjú wo èjìká ọdẹ, ó rí okùn jíjá kan tó fi kọ́ ọ.

"Ẹ dákun, kí ló já okùn yín?"

"Ẹtu ló já a. Okùn ìhín kò lágbára. Ti ìlú yín là ń fẹ́, wọn ò sì jẹ́ kó jáde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ojóbó ni wọn ò jẹ́ kó jáde. Ṣé ọwọ́ yín ò mọ ojóbó í so ni?"

Ọdẹ́dínà wò ó títí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Okùn kan, iṣu mẹ́ta."

"Márùn-ún, bàbá."

"Ìjàpá, inú ebè mi lo ṣì wà o."

"Mẹ́ta náà dára."

Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀ga lọ tààrà, ó gbé igbá bàbà kan dání.

"Ìyá Ẹ̀ga, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi hun okùn gígùn kan. Opó kan wà ní òdìkejì odò, Ìyá Mopélọ́lá. Kànga rẹ̀ jìn, kò sì rí ẹni ràn án lọ́wọ́."

Ẹ̀ga ní, "Ó mà ṣe o. Ìwọ Ìjàpá lò ń ṣàánú opó báyìí?"

"Ènìyàn a máa yí padà, ìyá."

"Ènìyàn ni. Ahun ńkọ́?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, Ẹ̀ga náà rẹ́rìn-ín, ó sì hun okùn náà fún un. Ó tilẹ̀ fi apá kan kún gígùn rẹ̀ nítorí opó.

Nígbà tó dé ẹnubodè, Ìjàpá ní, "Bàbá Òòrẹ̀, okùn kànga ni o."

"N kò bi ọ́." Òòrẹ̀ wọ́ okùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó yọ̀ bí ilá. "Máa lọ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Okùn jáde lọ ní gbọọrọ, ó dé ọwọ́ Ọdẹ́dínà, ọwọ́ Ọdẹ́dínà so ó ní ojóbó. Ìjàpá ò tún dúró síbẹ̀. Ó mú ọdẹ lọ fi ọ̀nà tí àwọn ẹran ń gbà lọ mu omi hàn án, nítorí Ọdẹ́dínà ṣèlérí iṣu kan sí i lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó ń padà lọ gba òmíràn lọ́dọ̀ Ẹ̀ga ní orúkọ opó náà; kí òjò ọdún náà tó dá, okùn ti pé ogójì. Iṣu kún àká Ìjàpá dé ẹnu.

Yánníbo ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Baálé mi, opó kan ṣoṣo, ogójì okùn? Ṣé okùn ló ń sè jẹ ni?"

"Máa gún iyán, ìwọ obìnrin yìí. Jẹ́ kí n ronú."

Kò pẹ́ tí Ẹtu fi lọ mu omi. Ojóbó mú un lẹ́sẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ló fi ń jà. Nígbà tó já a, pátákò ẹsẹ̀ kan ti kù síbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta wọlé, okùn tó já ṣì ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀.

Ẹ̀ga bà lé ilẹ̀, ó wo okùn náà. Fọ́nrán mẹ́ta, lílọ́ sí òsì. Ì bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Kò dákẹ́.

Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí."

Ìlú gbóná. Wọ́n pé sí ààfin Erin. Ẹtu fi igi ti ara rẹ̀ dúró, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ti ẹnubodè pa. Kí okùn kankan má jáde mọ́. Tèmi ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin."

Ẹ̀ga ní, "Bí ẹ bá tì í pa, ọmọ márùn-ún ni ebi máa pa kú nínú ìtẹ́ mi. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fi okùn mi fa omi, kí ni wọ́n ṣe wá?"

Òòrẹ̀ na ẹ̀gún ró ṣánṣán. "Kò sí ojóbó kan tó gba ẹ̀yìn mi kọjá rí! Ẹ wá wo ẹ̀yìn mi!"

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìjàpá dìde, ó wúkọ́. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Bóyá odò ló gbé okùn lọ. Odò yìí, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Olè ni."

Erin ní, "Jókòó." Ìjàpá jókòó. Erin wá ní, "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún yín. Bí ẹ bá rí ọ̀nà tí okùn gbà dọ́wọ́ ọdẹ, kí ẹ dí ọ̀nà yẹn, kí ẹnubodè wà ní ṣíṣí. Bí ẹ ò bá rí i, okùn kankan ò ní jáde mọ́ láyé."

Ẹ̀ga ò lọ sílé. Ẹnubodè ló gbà lọ.

"Bàbá Òòrẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yìn yín ń wo okùn. Kò wo ẹni tó rù ú."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ bi wọ́n. Ta ló fẹ́ lò ó? Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n á purọ́ fún mi."

"Wọ́n á purọ́. Okùn kì í purọ́. Okùn tó bá ti fa omi rí, ẹnu kànga á ti jẹ ẹ́ lójú kan, ara rẹ̀ á ti dúdú. Èyí tó bá ti mú ẹran rí, ibi tí ojóbó ti ká a kò ní nà mọ́, irun á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó kọ́kọ́ mú ògbólógbòó wá ká wò. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, kó mú wa lọ síbi tó ń lò ó."

Ẹ̀gún ẹ̀yìn Òòrẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò rọrùn fún àgbàlagbà láti gbọ́ pé ẹ̀yìn òun ò tó. Ó ní, "Ó dára."

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀bọ tó ń bá àwọn àgbẹ̀ gbé okùn mú ògbólógbòó mẹ́fà wá. Gbogbo rẹ̀ dúdú, ẹnu kànga ti jẹ wọ́n lójú kan. Òòrẹ̀ fún un ní ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹta, Ìjàpá dé pẹ̀lú okùn tuntun lọ́rùn. Ó ti ń tẹ̀ síwájú lọ kí ohùn kan tó dá a dúró.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Háà! Bàbá Òòrẹ̀, ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"Àná ni mo bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ìyá Mopélọ́lá ni. Opó."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Omi ni ó ń fà, bàbá."

"Ògbólógbòó rẹ̀ dà?"

"Ó ti jẹrà."

"Gbogbo ogójì?"

"Omi ibẹ̀ ò dára fún okùn rárá."

"Omi tó ń jẹ okùn! Ojú mi á fẹ́ rí i." Òòrẹ̀ yí okùn náà wò, ó dá a padà fún un. "Gbé e lọ so mọ́ kànga. Lọ́la, bí oòrùn bá yọ tán, èmi àti Ìyá Ẹ̀ga á wá bá ọ níbẹ̀. Bí n kò bá rí kànga, tí n kò sì rí okùn yìí lẹ́nu rẹ̀, a ó pàdé níwájú ọba."

Ìjàpá ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó mú Yánníbo, apẹ̀rẹ̀ kan àti okùn náà, wọ́n sọdá odò. Ó wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ létí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga. Nígbà tó jìn, ó jókòó sínú apẹ̀rẹ̀, Yánníbo fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń gbẹ́, Yánníbo ń fa iyanrìn sókè.

Oòrùn yọ. Yánníbo ké sí i pé, "Baálé mi, ó ti tó! Ẹ jẹ́ kí n fà yín jáde."

"Ta ló sọ pé ó tó? Kànga tó gbé ogójì okùn mì gbọ́dọ̀ jìn. Fún mi ní àyè kí n gbẹ́ ẹ dé ibi tó yẹni."

Ó gbẹ́ ẹ dé ibi tó yẹni. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀. Bí ó ṣe ní kí Yánníbo fa òun ni Ọdẹ́dínà jáde láti inú igbó. Yánníbo ò bèèrè ẹni tó ń bọ̀, ó wọ abẹ́ ewé lọ. Ọdẹ́dínà rí okùn lẹ́nu ihò.

Ó ní, "Okùn mi rèé! Àná la jọ ṣàdéhùn rẹ̀, n kò rí Ìjàpá." Ó fà á sókè, ó tú apẹ̀rẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀, ó sọ apẹ̀rẹ̀ nù.

Ìjàpá kígbe, "Bàbá ọdẹ! Mo wà nínú ihò o!"

Ọdẹ́dínà yọjú wò ó. "Ṣé ibẹ̀ lò ń gbé báyìí? Ó tutù, ó dára."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn fà mí!"

"Ojóbó ni mo mọ̀ ọ́n so. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa omi." Ó ká okùn rẹ̀ sí èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Omi dé ikùn Ìjàpá. Ó gbìyànjú láti gùn, iyanrìn ya lulẹ̀. Omi dé àyà.

Bẹ́ẹ̀ ni Òòrẹ̀ dé, àti Ẹ̀ga, àti Ẹtu tó ń fi igi tilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ga gbé okùn tuntun kan dání, torí ó ń rò ó lọ́kàn pé opó náà lè wà ní tòótọ́. Wọ́n rí ihò. Wọn ò rí opó, wọn ò rí okùn. Wọ́n gbọ́ orin. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ:

Òòrẹ̀ oníbodè o,
*Fàá dẹ̀dẹ̀.*
Omi ti dé àyà mi,
*Fàá dẹ̀dẹ̀.*
Ju okùn kan sí mi o,
*Fàá dẹ̀dẹ̀.*
A kì í bi ẹni tó ń rì léèrè,
*Fàá dẹ̀dẹ̀.*

Òòrẹ̀ yọjú wo inú ihò. Ó gba okùn lọ́wọ́ Ẹ̀ga.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi ni! Èmi Ìjàpá!"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n fi jáde ni! Ẹ ò rí omi ni?"

"Mo rí i. Ògbólógbòó rẹ̀ dà? Èyí tí mo fún ọ lánàá?"

Omi dé ọrùn Ìjàpá.

"Ọdẹ́dínà ti gbé e lọ."

"Ta ni Ọdẹ́dínà?"

"Ọdẹ ni."

"Ogójì tó kù ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Ìyá Mopélọ́lá?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ga mí kanlẹ̀. Ó ti fi apá kan kún okùn náà fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ò bí.

Ẹtu ló bi í ní èyí tó kù. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ta ló fi ọ̀nà omi wa han ọdẹ?"

Omi dé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Ìjàpá. Ó na ọrùn, ó gbé imú sókè.

"Èmi ni."

Gbogbo wọn wo Ẹtu. Ẹtu wo omi, ó wo ẹsẹ̀ tí kò ní pátákò mọ́.

Ó ní, "Ẹ fà á. Bó bá kú síbẹ̀, ta ni yóò mú wa dé ìdí tàkúté ogójì?"

Wọ́n ju okùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ó tutù, okùn bọ́. Wọ́n ní kó so ó mọ́ ìdí. Ìdí ahun ń yọ̀, okùn tún bọ́. Ẹ̀ga fà á padà, ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ òsì so ojóbó kan. Kò so ó rí láyé rẹ̀. Ó rí i pé kò le.

"Ki orí bọ̀ ọ́."

"Ìyá Ẹ̀ga, ojóbó kọ́ nìyí?"

"Òun ni. Ki orí bọ̀ ọ́ tàbí kí o mu omi."

Ìjàpá ki orí bọ̀ ọ́. Òòrẹ̀ àti Ẹtu fà. Ara rẹ̀ wúwo, iyán oṣù mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Ara dúró nísàlẹ̀, ọrùn ń bọ̀ lókè. Ọrùn nà, ó nà, ó nà bí okùn fúnra rẹ̀. Yánníbo jáde lábẹ́ ewé, ó dì mọ́ ìdí okùn, ó bá wọn fà á. Nígbà tí ara máa jáde, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n tú ojóbó. Ọrùn Ìjàpá wó lulẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti da ẹrù inú rẹ̀ nù.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn. Ìjàpá ń lọ níwájú, ó ń tọ́ka. Ẹ̀ga ń tú okùn. Ọ̀kànlélógójì ni wọ́n tú, kò ku ọ̀kan. Ọdẹ́dínà bá igi lásán ní ìdí gbogbo tàkúté rẹ̀. Ó wá iṣu rẹ̀ wá títí dé ẹnubodè, Òòrẹ̀ bi í pé ta ni yóò jẹ ẹ́. Ó padà sí òdìkejì odò.

Erin ò ti ẹnubodè pa. Okùn ń jáde, bàbà ń wọlé, ọmọ márààrún inú ìtẹ́ Ẹ̀ga gbó, wọ́n fò. Wọ́n kó àká Ìjàpá lọ fún Ẹtu, kó lè máa rí nǹkan jẹ láìrìn jìnnà. Pátákò rẹ̀ ò hù. Mi ò lè parọ́ fún yín pé ó hù.

Ìjàpá gbìyànjú títí kí ọrùn rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Kò padà. Awọ rẹ̀ hun jọ, ó ká léra. Ìdí nìyẹn tí ọrùn Ìjàpá fi rí bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, á fà á wọlé kíákíá. Ó rò pé oníbodè ló ń bọ̀ wá bi òun ní nǹkan.

Ẹ̀yin náà, bí ẹnìkan bá wá yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ má ti ọ̀bẹ mọ́lé, ẹ má sì jù ú sí i. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ gé. Bó bá ní ilá ni, ẹ lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi fò dé rèé, ibẹ̀ ló sì sinmi sí. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi lọ́, kó má lè pè yín wá jẹun. Bí n kò bá purọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ mi dún lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó.

Ó dún. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín.